Doris Miller

Doris Miller (ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1919 – ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 1943), tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn pè ní Dorie Miller, jẹ́ alásè nínú iṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun ni ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ Navy Cross. Ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni ìwà akin tí ó hù ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941, nígbà tí bàálù àwọn ará Japan ya bo èbúté Pearl Harbor ní Hawaii. Kò tíì pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí ó fi bá ogun lọ, nígbà tí ọkọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ rì sínú òkun Pàsífíìkì. Ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Waco, ìlú tí wọ́n ti bí i ní ìpínlẹ̀ Texas, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ọdún 71 ti kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí òfin tó fi orúkọ náà lélẹ̀.

Ìbí àti ìgbà èwe

Waco wà ní etí odò Brazos, ní àárín gbùngbùn Texas. Connery Miller ni orúkọ bàbá Doris, Henrietta sì ni ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n bí, òun sì ni ẹ̀kẹta. Àgbẹ̀ ni ìdílé náà, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń dáko sí, wọn a sì pín irè oko pẹ̀lú onílẹ̀ nígbà ìkórè. Irú ètò yìí ló wọ́pọ̀ láàárín àwọn adúláwọ̀ gúúsù Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí oko ẹrú ti dópin, ó sì máa ń fi ọ̀pọ̀ ìdílé sínú gbèsè láti ọdún dé ọdún.

Orúkọ obìnrin ni Doris jẹ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìtàn tí ìdílé náà sọ ni pé agbẹ̀bí tí ó gbẹ̀bí Henrietta ti gbà lọ́kàn pé obìnrin ni ọmọ náà yóò jẹ́, ó sì ti yan orúkọ sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ dé tí ó jẹ́ ọkùnrin, wọn kò pa orúkọ náà dà. Yorùbá a máa wo ilé kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ; ní ti Miller, orúkọ ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó dé. Dorie tí àwọn ènìyàn sọ ọ́ dà lẹ́yìn náà, inú ìwé ìròyìn ni ó ti tàn kálẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé.

Ìlú náà kò rọgbọ fún adúláwọ̀ ní àkókò yẹn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1916, ọdún mẹ́ta ṣáájú ìbí rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn péjọ sí iwájú gbọ̀ngàn ìlú Waco láti wo bí wọ́n ṣe ń dáná sun Jesse Washington, ọ̀dọ́ adúláwọ̀ kan, lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ tí kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Ẹgbẹ́ NAACP, tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀, ṣe ìwádìí ìpànìyàn náà, ó sì tan ìròyìn rẹ̀ ká gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni yóò wá gbé ọ̀rọ̀ ọmọ Waco mìíràn dé iwájú Ààrẹ ní ọdún 26 lẹ́yìn náà.

Miller lọ sí ilé ẹ̀kọ́ A. J. Moore, tí ó jẹ́ ti àwọn adúláwọ̀ ìlú náà. Ó síngbọnlẹ̀, ó ga ju mítà 1.9 lọ, ó sì mọ bọ́ọ̀lù irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ọwọ́ gbé sáré dáadáa. Kò parí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ oko, ó ń fi ìbọn kékeré dọdẹ ọ̀kẹ́rẹ́, ó sì gba ẹ̀kọ́ nípasẹ̀ ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i nílé lórí bí a ṣe ń tọ́jú awọ ẹran kí ó lè dà bí ẹran ààyè. Ó wá iṣẹ́ nínú ètò tí ìjọba ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, wọn kò gbà á. Àwọn ọdún tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ni wọ́n, owó kò sì sí nílé.

Wíwọ iṣẹ́ ológun ojú omi

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún, Miller forúkọ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun ojú omi. Ó fẹ́ rí ayé, ó sì fẹ́ máa fi owó ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Ipò tí wọ́n fún un ni ìránṣẹ́ ilé oúnjẹ, ìpele kẹta, èyí tí ó kéré jù lọ.

Kì í ṣe pé ó yan iṣẹ́ náà. Láti ọdún 1919 títí di ọdún 1932, iléeṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà kò gba adúláwọ̀ tuntun rárá. Àwọn ará Philippines ni wọ́n ń lò gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ inú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n tún ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀ka ilé ìdáná nìkan ni wọ́n ṣí i sí. Adúláwọ̀ tí ó bá wọlé yóò máa gbé oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá, yóò máa tẹ́ ibùsùn wọn, yóò máa kó aṣọ wọn fún ìfọ̀, yóò sì máa dan bàtà wọn. Kò lè di awakọ̀, kò lè di atọ́jú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni kò lè di ayinbọn, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó. Síbẹ̀, bí ogun bá bẹ́ sílẹ̀, gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ni ó ní ibi tí wọ́n yàn fún un, àwọn ìránṣẹ́ ilé oúnjẹ sì sábà máa ń wà nínú yàrá ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ń gbé ọta ìbọn jáde. Ewu ibẹ̀ kò kéré sí ti òkè.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ní Norfolk ní ìpínlẹ̀ Virginia, ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nínú ọkọ̀ Pyro tí ó ń kó ohun ìjà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1940, wọ́n gbé e lọ sí ọkọ̀ ogun ńlá West Virginia. Nínú ọkọ̀ yìí tí àwọn atukọ̀ rẹ̀ tó bíi 1,500, ó di ọ̀gá nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn láàárín àwọn tí wọ́n sanra jù lọ. Gbogbo ọkọ̀ mọ̀ ọ́n nítorí ẹ̀ṣẹ́ náà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Pearl Harbor

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941. Miller ti jí ní aago mẹ́fà, ó ti gbé oúnjẹ òwúrọ̀ kalẹ̀, ó sì ń kó aṣọ jọ fún ìfọ̀ nígbà tí tọ́pídò àkọ́kọ́ kọ lu ẹ̀gbẹ́ West Virginia ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Tọ́pídò jẹ́ àdó olóró tí bàálù tàbí ọkọ̀ abẹ́ omi ń jù sínú omi, tí yóò sì fi ẹ̀rọ ara rẹ̀ sáré lọ bá ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ. Ó kéré tán, méje irú rẹ̀ ni ó ba ọkọ̀ náà ní òwúrọ̀ yẹn, yàtọ̀ sí bọ́ǹbù méjì tí ó já lé e láti òkè.

Wọ́n fọn ìpè ogun. Ibi tí wọ́n yàn fún Miller ni yàrá ọta ìbọn kan ní àárín ọkọ̀. Nígbà tí ó fi máa débẹ̀, tọ́pídò ti fọ́ ọ. Ó padà sí oríta kan nínú ọkọ̀ tí àwọn atukọ̀ ń pè ní Times Square, ó sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́kíṣẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé fún un. Ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Doir Johnson rí bí ó ti lágbára tó, ó sì mú un lọ sí ibi ìdarí ọkọ̀ kí ó lè bá wọn gbé Kápítẹ́nì Mervyn Bennion, olórí ọkọ̀ náà. Bọ́ǹbù kan ti bú gbàmù lórí ọkọ̀ Tennessee tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, irin tí ó ta láti ibẹ̀ sì ti ya ikùn Bennion. Miller àti àwọn mìíràn gbé e kúrò ní gbangba lọ sí ẹ̀yìn ilé irin kan tí ó lè dáàbò bò ó díẹ̀. Bennion kò gbà kí wọ́n gbé òun kúrò nínú ọkọ̀. Ó ń béèrè bí ìjà ti ń lọ, ó sì ń pàṣẹ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀.

Ìbọn Browning arọ̀jò-ọta méjì wà nítòsí ibẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó ń lò wọ́n. Frederic White, ọ̀gá mìíràn, pàṣẹ kí Miller wá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kó ọta sínú wọn. Miller kò tíì lo irú ìbọn náà rí, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò gba ti ìbọn. White àti ọ̀dọ́ ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Victor Delano fi bí wọ́n ti ń lò ó hàn án ní kíá. Ohun tí Delano rò ni pé Miller yóò kàn máa ti ọta sínú ìbọn fún ẹlòmíràn. Ó yíjú sápá kan, nígbà tí yóò fi wò padà, Miller ti ń yin ọ̀kan nínú àwọn ìbọn náà sí ojú ọ̀run. Ó ń yìn ín fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú 15, títí ọta fi tán.

Iye bàálù tí ó já lulẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀ ti fa àríyànjiyàn láti ìgbà náà. Àwọn kan sọ pé méjì, àwọn mìíràn sọ pé mẹ́rin, ó sì dé mẹ́fà nínú àwọn ìtàn kan. Miller fúnra rẹ̀ kò sọ ju pé òun rò pé òun mú ọ̀kan. Iléeṣẹ́ ológun kò kọ iye kankan sílẹ̀ fún un. Èéfín bo ojú ọ̀run, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó sì ń yìnbọn sí àwọn bàálù kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọta ti ẹni báyìí ni ó ba èyí. Àwọn tí wọ́n gbé gbogbo òkìkí rẹ̀ ka orí iye bàálù ti gbójú fo apá tí kò ní iyèméjì nínú: ohun tí ó ṣe lẹ́yìn tí ọta tán.

Iná epo ń jó lójú omi, èéfín dúdú sì ti bo ibi ìdarí ọkọ̀. Claude Ricketts, ọ̀gá tí ó ti ní kí wọ́n jẹ́ kí omi wọ apá kejì ọkọ̀ kí ó má baà dojú dé, ní kí Miller àti àwọn mìíràn gbé Bennion lọ sókè kúrò nínú èéfín. Wọ́n gbé e lọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi kú. Lẹ́yìn èyí ni Miller bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn tí wọ́n fara pa gba inú epo àti omi kọjá lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí ààbò wà díẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí àwọn kan là tí wọn ì bá ti rì. Nígbà tí ó hàn pé ọkọ̀ náà kò ní gbà mọ́, wọ́n pàṣẹ kí gbogbo ènìyàn fi í sílẹ̀. West Virginia rọra jókòó sí ìsàlẹ̀ èbúté. Ọgọ́rùn-ún àti mẹ́fà nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó kú, nínú àwọn bíi 2,400 ọmọ Amẹ́ríkà tí ó bá ìkọlù ọjọ́ náà lọ. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n tún un ṣe, ó sì wà ní etí omi Tokyo nígbà tí Japan túúbá ní ọdún 1945.

Akọni tí wọn kò dárúkọ

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1942, iléeṣẹ́ ológun ojú omi gbé àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n hùwà akin ní Pearl Harbor jáde. Adúláwọ̀ kan wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dárúkọ rẹ̀. Àwọ̀ ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n sọ. Fún oṣù méjì àti ààbọ̀, aráyé mọ̀ pé ìránṣẹ́ ilé oúnjẹ kan ti ṣe ohun ribiribi, wọn kò sì mọ ẹni tí ó jẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ ní Waco kò mọ̀ pé ọmọ àwọn ni gbogbo ìwé ìròyìn àwọn adúláwọ̀ ń wá.

Pittsburgh Courier, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìròyìn adúláwọ̀ tí ó lókìkí jù lọ nígbà náà, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Lawrence Reddick, òpìtàn tí ó ń bójú tó àkójọ ìwé Schomburg ní New York, kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ológun láti béèrè orúkọ ọkùnrin náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1942 ni orúkọ Doris Miller jáde. Ní àkókò náà, Miller ti wà nínú ọkọ̀ Indianapolis láti oṣù Kejìlá, ó ń gbé oúnjẹ bí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ NAACP ti ń rọ Ààrẹ Franklin Roosevelt pé kí ó fi àmì ẹ̀yẹ dá adúláwọ̀ tí wọn kò dárúkọ náà lọ́lá. Sẹ́nétọ̀ James Mead láti New York àti aṣojú John Dingell láti Michigan gbé àbá òfin wá pé kí wọ́n fún un ní Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà. Frank Knox, akọ̀wé ìjọba fún ológun ojú omi, kò fara mọ́ ọn. Lẹ́tà ìyìn ni Knox kọ sí Miller ní oṣù Kẹrin. Roosevelt ni ó fọwọ́ sí i ní oṣù Karùn-ún pé kí wọ́n fún un ní Navy Cross. Nígbà náà, ipò kẹta ni Navy Cross wà láàárín àwọn àmì ẹ̀yẹ ológun ojú omi. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni òfin tuntun gbé e sí ipò kejì.

Ó yẹ kí a fi èyí wé bí wọ́n ṣe pín àmì ẹ̀yẹ fún àwọn yòókù. Ènìyàn 15 ni wọ́n fún ní Medal of Honor nítorí Pearl Harbor, Bennion sì wà lára wọn. Aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Bennion kò yẹ. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá ẹni tí ó gbé Bennion, tí ó yìnbọn tí wọn kò kọ́ ọ, tí ó sì padà sínú iná láti fa àwọn ẹlòmíràn jáde, ì bá ti gba irú rẹ̀ bí àwọ̀ ara rẹ̀ bá yàtọ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1942, Ọ̀gágun Chester Nimitz, olórí gbogbo ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní òkun Pàsífíìkì, fi Navy Cross kọ́ Miller láyà lórí ọkọ̀ Enterprise ní Pearl Harbor. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ogun Midway bẹ̀rẹ̀.

Ìrìn àjò nílé

Wọ́n sọ ọ́ di ìránṣẹ́ ilé oúnjẹ ìpele kìíní ní oṣù Kẹfà, oṣù kan náà tí iléeṣẹ́ ológun ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba adúláwọ̀ sí iṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí ti ilé ìdáná. Ìyípadà náà kò kan Miller fúnra rẹ̀. Pittsburgh Courier ń ké pé àwọn akọni aláwọ̀ funfun ti wá sílé wá gba ìkíni àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n èyí ṣì wà lójú òkun, ó ń gbé àwo.

Ìparí ọdún 1942 ni wọ́n pè é padà sílé láti bá ìjọba ta ìwé ẹ̀yáwó ogun. Ó bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ní Oakland, ní Dallas àti ní Waco tí ó jẹ́ ìlú rẹ̀, ó sì lọ kí àwọn adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ ológun ojú omi ní Great Lakes lẹ́bàá Chicago. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sórí pátákó ìpolówó tí wọ́n fi ń pe àwọn adúláwọ̀ sí iṣẹ́ ológun. Ọkùnrin tí wọn kò gbà láyè láti di ayinbọn ni wọ́n fi ojú rẹ̀ pe àwọn ẹlòmíràn wá.

Ikú rẹ̀

Ní ọdún 1943, Miller di alásè ìpele kẹta, wọ́n sì gbé e lọ sí Liscome Bay, ọkọ̀ tuntun kan tí ń gbé bàálù. Ní oṣù Kọkànlá, ọkọ̀ náà wà lára àwọn tí ó lọ gba erékùṣù Makin lọ́wọ́ àwọn ará Japan ní àárín òkun Pàsífíìkì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ 24 oṣù náà, ọkọ̀ abẹ́ omi Japan kan, I-175, ju tọ́pídò lù ú ní apá ẹ̀yìn. Ibi tí wọ́n kó àwọn bọ́ǹbù bàálù sí ni iná náà mú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ apá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà tán lójú ẹsẹ̀. Ó rì ní ìṣẹ́jú 23. Ènìyàn 644 ni ó kú, 272 ni wọ́n rí yọ. Ọ̀gágun Henry Mullinnix tí ó ń darí ẹgbẹ́ ọkọ̀ náà kú, olórí ọkọ̀ kú, alásè láti Waco náà kú. Ọmọ ọdún 24 ni.

Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1943, ọdún méjì gééré lẹ́yìn Pearl Harbor, ni wọ́n sọ fún Connery àti Henrietta Miller pé wọn kò rí ọmọ wọn. Ọdún kan lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà rì ni ìjọba tó kéde pé ó ti kú.

Ilé ìwòsàn tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀

Ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Waco ti wà láti ọdún 1932, nígbà tí Miller ṣì jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú kan náà. Ìtọ́jú àwọn tí ogun ti dà lọ́kàn rú ni wọ́n mọ ilé náà sí jù lọ láti ọdún pípẹ́, wọ́n sì tún dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún kíkọ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì tí ojú wọn ti fọ́ ní bí wọn yóò ṣe máa gbé ìgbésí ayé wọn. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, títí di àárín àwọn ọdún 1950, àwọn ilé ìwòsàn irú èyí kì í fi adúláwọ̀ àti aláwọ̀ funfun sí yàrá kan náà. Ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ìjọba kọ́ odindi ilé ìwòsàn kan ní ọdún 1923 fún àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n ti ogun àgbáyé kìíní dé. Bí Miller bá ti yè bọ́ nínú ogun tí ó sì padà sílé pẹ̀lú ọgbẹ́, irú ìyàsọ́tọ̀ tí ó bá nínú ọkọ̀ ni ì bá tún bá lórí ibùsùn aláìsàn.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, orúkọ ìlú tàbí agbègbè ni ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì máa ń jẹ́. Kí ó tó lè jẹ́ orúkọ ènìyàn, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ ṣe òfin lórí rẹ̀, kí Ààrẹ sì fọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ náà nílé ìgbìmọ̀ aṣojú a sì máa béèrè pé kí àwọn aṣòfin tí wọ́n ti ìpínlẹ̀ náà wá fara mọ́ àbá náà.  Ti Charleston ní South Carolina ń jẹ́ orúkọ Ralph H. Johnson, adúláwọ̀ tí ó fi ara rẹ̀ bo àdó olóró ní Vietnam ní ọdún 1968 kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà kú. Ti Asheville ní North Carolina ń jẹ́ orúkọ Charles George, ọmọ ẹ̀yà Cherokee, tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Korea ní ọdún 1952. Ti San Antonio, ní Texas kan náà, ń jẹ́ orúkọ Audie Murphy, ajagun tí ó di òṣèré sinimá. Ọdún 1971 ni Murphy kú nínú ìjàǹbá bàálù, ilé ìwòsàn náà sì ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ọdún 1973.

Àwọn mẹ́ta yìí gba Medal of Honor, èyí tí Miller kò gbà. Ìlú Waco pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ilé ìwòsàn náà: ní ọdún 2003, àbá kan jáde láti tì í pa, àwọn ajagunfẹ̀yìntì àti àwọn ará ìlú sì fárígá títí àbá náà fi kú. Bill Flores, aṣojú agbègbè Waco, ni ó gbé àbá òfin ìsọlórúkọ lọ sí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Ó di òfin ní ìparí ọdún 2014. Láti ìgbà náà, orúkọ tí iléeṣẹ́ ológun kò fẹ́ dá ní ọdún 1942 ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn ajagun ń gbà wọlé fún ìtọ́jú, dúdú àti funfun.

Àwọn ìrántí mìíràn

Ilé ìwòsàn náà kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ilé ẹ̀kọ́, ọgbà ìṣeré àti gbọ̀ngàn ní oríṣiríṣi ìlú ti ń jẹ́ Doris Miller láti ìgbà ogun wá. Ọkọ̀ ogun Miller bọ́ sí ojú omi ní ọdún 1972, Henrietta ìyá rẹ̀ ni ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Gwendolyn Brooks, akéwì adúláwọ̀, kọ ewì kan láti inú ìtàn rẹ̀ nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1945. Àwọn òṣèré ti ṣe bíi rẹ̀ nínú sinimá Tora! Tora! Tora! ti ọdún 1970 àti Pearl Harbor ti ọdún 2001, níbi tí Cuba Gooding Jr. ti kó ipa rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà lórí sítáǹpù ìfìwéránṣẹ́ ní ọdún 2010. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2017, wọ́n ṣí ère idẹ rẹ̀ ní etí odò Brazos ní Waco.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2020, iléeṣẹ́ ológun ojú omi kéde pé ọkọ̀ ńlá kan tí yóò máa gbé bàálù, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ CVN-81, yóò máa jẹ́ Doris Miller. Orúkọ àwọn Ààrẹ àti àwọn aṣòfin ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Èyí ni àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ orúkọ adúláwọ̀, òun náà sì ni àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ orúkọ ọmọ ogun tí kì í ṣe ọ̀gá.

Ìjà lórí Medal of Honor kò tíì parí. Kò sí adúláwọ̀ kankan tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ náà nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́. Ní ọdún 1997, lẹ́yìn àtúnyẹ̀wò, Ààrẹ Bill Clinton fi dá adúláwọ̀ méje lọ́lá, ṣùgbọ́n ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni gbogbo wọn. Àwọn aṣòfin kan ti gbé orúkọ Miller dìde léraléra láti ìgbà náà.

Wọn kò rí òkú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri òkúta ní itẹ́ àwọn ológun ní Honolulu, láàárín àwọn tí òkun gbé lọ, kò sì jìnnà sí èbúté tí ó ti yìnbọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú náà.